Ìdí Tí Igi Ẹ̀ga Fi Máa Ń Ṣàdédé Dákẹ́

Nígbà láéláé, kí fóònù tó dé ọwọ́ ènìyàn, nígbà tí ẹni tó bá fẹ́ kí ayé gbọ́ òun ní láti gun orí igi lọ, ẹyẹ jẹ́jẹ́ ni ẹ̀ga. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí igi ẹ̀ga rí kò ní gbà. Kò burú. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí.

Tọkọtaya ẹ̀ga kọ̀ọ̀kan ló ní igi tirẹ̀ nínú igbó. Ọkọ á kọ́lé, ìyàwó á yé ẹyin, wọn á jọ kọrin díẹ̀ tí oòrùn bá yọ, wọn á sì wá oúnjẹ lọ. Òkè ni ẹnu ọ̀nà ilé wọn ń wò nígbà náà, bíi ti àwọn ẹyẹ yòókù.

Bándélé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orí igi kan létí odò ni òun àti Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Koríko wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, kòkòrò tó sanra wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí yóò rí i pé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Bándélé wá koríko lọ jìnnà, ó sì já sí ìdí ọ̀pẹ ńlá kan létí abúlé. Ó bà sórí igi tó kọjú sí i, ó sì la ẹnu sílẹ̀. Àwọn ẹ̀ga ló kún orí ọ̀pẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilé so mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ bí èso. Ìyẹ́ gbogbo wọn rí bí ìyeyè tó pọ́n, tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́, gbogbo igi náà á máa tàn bí ẹni pé oòrùn bà síbẹ̀ láti sinmi.

Wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Ohùn wọn wọ inú ara wọn, ó di ohùn kan tó tóbi ju ẹyẹ lọ. Bándélé, tí kò gbọ́ ju ohùn ìyàwó rẹ̀ àti ti ọ̀pọ̀lọ́ rí, mọ̀ ọ́n lára pé egungun òun ń gbọ̀n.

Ó kí wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Kì í ṣe pé wọ́n burú. Àṣà ibẹ̀ ni. Lórí ọ̀pẹ yẹn, tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ kan bá dùn mọ́ òmíràn nínú, onítọ̀hún á ya ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, á gbé e lọ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó sọ̀rọ̀ náà. Ọ̀já ni wọ́n ń pè é. Ọ̀já kò ṣe é jẹ, kò sì lè gba òjò dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀já rẹ̀ bá pọ̀ ló ń gbé ní òkè ọ̀pẹ, tí ó bá sì sín, àwọn ará ìsàlẹ̀ á ní ó ṣeun. Ẹni tí kò ní ọ̀já, wọn kì í rí i. Wọ́n lè jókòó lé e lórí.

Ẹni tí ọ̀já rẹ̀ pọ̀ jù lọ ni bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Ṣówándé, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé sórí ọ̀pẹ náà. Ọ̀já ti bo ilé rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ kì í tètè rí ẹnu ọ̀nà.

Bándélé padà sílé, kò lè jẹun. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn gbọ́dọ̀ kó lọ síbẹ̀. Àyìnkẹ́ wò ó.

"Kí ló dé tá a fi máa kó kúrò níbi tí oúnjẹ wà?"

"Kò sẹ́ni tó ń rí wa níbí, Àyìnkẹ́."

"Àṣá náà wà lára àwọn tí kò rí wa. Mi ò tíì rí ohun tó burú níbẹ̀."

Bándélé ní kò yé e ni. Ó ní ẹyẹ tí kò ní ẹgbẹ́, ńṣe ló dà bí ẹyin tí kò tíì pa. Ó sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó rí lórí igi náà títí. Àyìnkẹ́ rí i pé ohun kan ti wọ ọkọ òun lára tí àlàyé kò lè yọ. Ó gbà. Wọ́n kó lọ.

Imọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ́lé sí, níbi tí ìgbẹ́ gbogbo ará òkè ń bọ́ sí. Àyìnkẹ́ yé ẹyin, ó sì sàba lé e. Bándélé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀já.

Òtítọ́ ló kọ́kọ́ sọ. Ó sọ fún wọn pé koríko tútù wà létí odò, pé kòkòrò ibẹ̀ sanra. Kò rí ọ̀já gbà. Ó kọ orin tí òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń kọ. Ẹnì kan ní kó rọra, òun ń gbọ́ ti Bàbá Ṣówándé. Ó dá àpárá kan nípa ọ̀bọ. Ẹyẹ kan rẹ́rìn-ín, ó gbé àpárá náà lọ sí imọ̀ kejì, ó sọ ọ́ bíi tirẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀já fún un.

Ẹyin náà pa. Kò sẹ́ni tó yọjú wá bá wọn yọ̀. Bándélé jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí kò ní ewé kankan, ojú sì ń tì í níwájú àwọn ọmọ tí ojú tiwọn kò tíì là.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀. Òjìji kan kọjá lókè. Ìkùukùu lásán ni. Ṣùgbọ́n ọkàn Bándélé kò sí nílé, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe pé, "Àṣá ń bọ̀!"

Gbogbo ẹ̀ga sá wọ abẹ́ imọ̀. Nígbà tí wọn kò rí nǹkan, wọ́n jáde, àyà wọn ṣì ń já. Kò sẹ́ni tó béèrè pé àṣá náà dà. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé Bándélé ló lé e lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀já ti kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá Ṣówándé fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Ìwọ yìí, ọmọ ta ni ọ́?"

Láti ìgbà tí Bándélé ti dé orí igi náà, ìyẹn ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bi í.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún rí àṣá. Ká ṣáà sọ ọ́ báyẹn. Nígbà tó yá, àṣá méjì ló ń rí, ó sì ní ọ̀kan nínú wọn fọ́ lójú kan. Ọ̀já ń wọlé. Wọ́n fún un láyè ní òkè ọ̀pẹ, ó kọ́ ilé tuntun síbẹ̀, Àyìnkẹ́ sì kó àwọn ọmọ tẹ̀ lé e.

Àwọn yòókù náà kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n wo ohun tó gbé e dókè, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan kígbe àṣá, èkejì kígbe ejò, ẹ̀kẹta ní àṣá àti ejò ti ṣèpàdé. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré fi kún un. Láìpẹ́, gbogbo orí ọ̀pẹ ń kígbe láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó ń sá mọ́. Ọ̀já nìkan ni wọ́n ń kọ́ fún ara wọn. Ara ọ̀pẹ kan náà ni wọ́n ti ń ya ewé ọ̀já, torí náà igi tó ń ṣíji bò wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di egungun.

Àyìnkẹ́ wòkè, ó rí ojú ọ̀run gbangba. Ó ní, "Baba àwọn ọmọ, ewé tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa yìí, orí wa ló yẹ kó wà."

Bándélé ní òun gbọ́. Kò gbọ́. Ohùn ló ń tún ṣe.

Àṣá gan-an dé ní ọ̀sán gangan. Ó ti ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti òkèèrè, ó sì wá wo ẹni tó ń pe òun.

Ó ga lọ́hùn-ún, ó ń yí po, kò dún. Bándélé ló kọ́kọ́ rí i. Ó la ẹnu láti kígbe. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ẹyẹ tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ń kígbe pé àṣá ń bọ̀. Ti apá òsì náà ń kígbe pé àṣá ń bọ̀. Gbogbo igi ló ń sọ ọ́, àwọn kan tilẹ̀ ti fi kọrin. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹ́kù lórí ọ̀pẹ náà tí òun lè fi sọ òtítọ́, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Ó wo inú ilé. Àwọn ọmọ gbé ẹnu sókè. Wọ́n rò pé oúnjẹ ni òjìji tó kọjá. Àyìnkẹ́ na apá rẹ̀ méjèèjì bò wọ́n, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Kò bá a wí.

Bándélé pa ẹnu dé.

Ẹ̀ga tó wà nítòsí rẹ̀ ń kígbe tirẹ̀ lọ. Ó wá gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí: Bándélé kò sọ̀rọ̀. Ó yíjú wò ó, ó rí ibi tí Bándélé ń wò, òun náà dákẹ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e dákẹ́ nítorí pé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń bọ́ láti imọ̀ dé imọ̀, bí omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára òkúta, títí ó fi dé ìdí igi. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú abúlé gbé orí sókè. Ewúrẹ́ dẹ́kun jíjẹ. Ẹ lè gbọ́ bí koríko ṣe ń fara kan koríko.

Gbogbo ohun tí ẹ̀ga lè fi ẹnu ṣe ni wọ́n ti fi purọ́, àyàfi dídákẹ́. Kò tíì sí ẹni tó gba ọ̀já rí nítorí pé ó dákẹ́, torí náà kò tíì bà jẹ́. Wọ́n gbà á gbọ́, gbogbo wọn pa pọ̀, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìwọ̀nba imọ̀ tó ṣẹ́kù.

Àṣá já wálẹ̀. Ariwo ló ti ń tọ̀ bọ̀, ariwo sì ti lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń mì lórí igi náà ni ọ̀já tó kún ẹnu ọ̀nà Bándélé. Ó ki èékánná bọ̀ ọ́, ó fà á tu pẹ̀lú etí ilé, ó sì gbé e fò lọ. Ó ti dé òdìkejì odò kó tó mọ̀ pé ewé ni òun gbé.

Àyìnkẹ́ àti àwọn ọmọ wà nínú ìdajì ilé tó ṣẹ́kù. Ìyẹ́ díẹ̀ bọ́ lẹ́yìn Àyìnkẹ́. Nǹkan kan kò ṣe àwọn ọmọ.

Bàbá Ṣówándé rọra dé. Ó mú ọ̀já kan lẹ́nu, ó fẹ́ kọ́ ọ fún Bándélé nítorí dídákẹ́ tó dákẹ́. Àyìnkẹ́ ló dá a dúró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọ. Ẹ fún wa ká fi dí ihò."

Bàbá àgbà náà gbé ewé náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó padà lọ sí ilé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀já tirẹ̀, ó ń kó o bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bándélé fi gbogbo rẹ̀ hun ilé. Apá òkè ló kọ́kọ́ dí pa, ó sì wá fi ẹnu ọ̀nà sísàlẹ̀. Àwọn yòókù rí i, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí wọn kì í wò ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ga ti ń wo ilẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ewé ọ̀pẹ tí wọ́n bá ya kọ́lé. Ní ti ariwo, kò tán o. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Bándélé ti ń ròyìn bí òun ṣe dákẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá ráyè gbọ́.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ pé tí àṣá bá yọ, ọ̀kan á dákẹ́, gbogbo igi á sì dákẹ́ tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ ọ̀pẹ ẹ̀ga, tí ariwo náà bá ṣàdédé gé, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì ṣí fìlà. Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tí wọn kì í fi í ṣeré.