Mítà Tuntun Tìámíyù

Búréèkì ọ̀kadà Tìámíyù ti kú pátápátá. Sálúbàtà ló fi ń wọ́ ilẹ̀ kó tó dúró. Kí ló wá gbé lọ bá Bàbá Rámọ́tù mẹkáníìkì? Mítà tuntun tó ń fi nọ́ńbà ka eré!

"Búréèkì ńkọ́?" ni Bàbá bi í.

"Ẹ gbé ìyẹn tì ná, Bàbá. Mo fẹ́ máa rí bí mo ṣe ń sáré tó."

"Tìámíyù, o fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá."

Bàbá wí bẹ́ẹ̀, kò sì kọ iṣẹ́. Ó lẹ òòfà mọ́ rímù iwájú, ó de ẹ̀rọ tó ń ka yíyí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tìámíyù rẹ́rìn-ín, ó forí lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Bàbá ò tíì nuwọ́ tán tó fi gbọ́ gbàà! Ó sáré débẹ̀. Tìámíyù ti kú. Táyà iwájú ṣì ń yí lófuurufú, mítà tuntun sì ń ka eré fún òkú.