Ilé Eré Tí Ẹnikẹ́ni Kì í Dìde Ṣáájú Ọba

Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tí mo fi tẹ ilẹ̀ náà búra: ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, n kò fi iyọ̀ sí i.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan nílẹ̀ Jámánì, láyé ìgbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ṣì ní ọba tirẹ̀. Emèsè ọba ni, ìránṣẹ́ ààfin. Ọba yìí kọ́ ilé eré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, onípákó látòkè délẹ̀. Èèwọ̀ ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde kí ọba tó dìde. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́, wàá mú un mọ́ra ni.

Emèsè a dúró níwájú yàrá tí ọba ti ń wòran lẹ́yìn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a kọjú sí èrò. Bó bá gbọ́ tí ọba dìde, a fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kan, eré ń lọ lọ́wọ́, iná àtùpà ran aṣọ ìkélé ojú ìtàgé. Èrò wo iná, wọ́n wo emèsè. Kò sẹ́ni tó mira.

Obìnrin tó ń rán aṣọ àwọn eléré sáré jáde láti ẹ̀yìn. "Ẹran sísun lẹ fẹ́ dà ni? Ẹ jáde!"

"Ìwọ obìnrin yìí, ọba ń wòran lọ́wọ́," emèsè dáhùn. "Pa ohùn mọ́lẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún iná yẹn kó pa ohùn mọ́lẹ̀!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbà wọ́n là. Ẹni tó rẹ́rìn-ín dìde, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, ni gbogbo wọn bá ya lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Emèsè nìkan ló kù. Obìnrin náà fa aṣọ yàrá ọba ya. Àga lásán ló bá níbẹ̀. Eré ti sú ọba. Ó ti yọ́ gba ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ lọ jẹun.

"Bàbá, ẹ bojú wẹ̀yìn! Kò séèyàn níbẹ̀!"

Kò bojú wẹ̀yìn. Òrùlé ti ń já, obìnrin sá.

Koríko ló wà níbẹ̀ lónìí. Títí di òní ni mò ń rò ó: báwo lèèyàn ṣe ń ṣọ́ ohun tí kò wò rí? Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, má fi í ṣẹ̀sín. Ìwọ náà ní ẹnì kan tí ò ń dúró dè kí o tó kúrò nínú ohun tó ń jó ọ. Yíjú padà. Bóyá ó ti lọ jẹun.

Obìnrin náà ló gbọ́ ohun tí emèsè sọ kẹ́yìn, sí ìjókòó èrò tó ti ṣófo. Ó ní, "Ẹ jókòó. Ọba kò tíì dìde."

Ẹ jókòó. Ọba kò tíì dìde.