Afàrà Tí Láyíwọlá Fi Dọ̀la

"Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó." Gbogbo wa là ń pa á lówe, àmọ́ igi ò lẹ́sẹ̀, báwo ló ṣe ń kúrò nígbó? Ojú méjì tó ko ara wọn ló fa ọ̀rọ̀ náà.

Bàbá Ládépò ti bá ọkọ̀ ojú omi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, ó sì rí ilé àgbẹ̀ ibẹ̀: igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò dúró bí egungun, èèkàn igi ni wọ́n fi ń so ó pọ̀ láìsí ìṣó, kí wọ́n tó fi amọ̀ dí àárín rẹ̀. Irú rẹ̀ ló ní kí Láyíwọlá, káfíńtà àlejò, kọ́ fún òun. Lọ́jọ́ tí gbogbo abúlé péjọ láti fi okùn fa egungun ilé náà dìde, láàárín èrò, ojú Láyíwọlá ko ti ọmọbìnrin kan tó di okùn kejì mú.  Okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí òpó wó lù wọ́n.

"Káfíńtà, òpó lò ń wò ni, àbí Fadérera ọmọ mi?" Bàbá Ládépò bi í.

Láyíwọlá kọ lẹ́tà sí Fadérera, ó fi í sápò, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kó fún un.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ń fọwọ́ tẹ̀ lápò bí ẹyin adìyẹ?" Fadérera bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìwọ̀n igi ni."

"Igi ọ̀hún mà ń mú yín làágùn o."

Òpó àárín nìkan ló kù. Láyíwọlá ti rí igi afàrà kan nígbó tó tọ́ gbọnrangandan. Bàbá ní kó lọ gé e.

"Igi kì í rìn, Bàbá. Ó dọ̀la."

Ọ̀la di ọ̀túnla. Nígbà tó lọ, kùkùté ló bá, oje rẹ̀ ò tíì gbẹ. Àwọn agégẹdú ti gbé e lọ.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Igi kì í rìn lóòótọ́. Ẹni tó gbé àáké ló ń rìn. Àwọn kan láti ìlú Ìlárá pẹ̀lú ń bọ̀ wá tọrọ Fadérera ní Sátidé."

Láyíwọlá yára fèsì: "Igi ayùnré wíwọ́ kan wà, Bàbá. Mo máa là á sí méjì, kí ìlàjì méjèèjì forí kanrí, wọn á gbé òrùlé láìsí òpó àárín."

"Ilé ti rí àrọ́pò nìyẹn. Fadérera ńkọ́?"

 Láyíwọlá lọ bá Fadérera níbi tó ti ń po amọ̀, lójú bàbá rẹ̀, ó fọwọ́ bọ àpò.

Fadérera nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Ìwọ̀n igi náà nìyí?"

"Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó," Láyíwọlá wí, ó sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.