Okùn Tí Ọba Fún Kádẹ́ẹ̀lì

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Wéésì, tó bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààlà, Kádẹ́ẹ̀lì ọmọ ìjòyè ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kan, ọba ju okùn sí i.

"Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ títí, kò dáhùn. Lọ dè é wá!"

Kádẹ́ẹ̀lì mọ̀ pé bí òun bá de ẹ̀gbọ́n bàbá òun, tó jẹ́ baálẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀, ogun dé nìyẹn.

"Ìránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, o dé?" ni baálẹ̀ náà fi pàdé rẹ̀ nígbà tó dé ilé rẹ̀.

Kádẹ́ẹ̀lì kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun ẹṣin mi." Bàbá gùn ún. Kádẹ́ẹ̀lì so okùn ọba mọ́ ẹṣin náà, ó fẹsẹ̀ rìn níwájú, ó ń fà á lọ nínú ẹrẹ̀ títí dé ààfin.

Ọba figbe ta: "Ṣé bí mo ṣe ní kí o dè é nìyí?"

"Kábíyèsí, ó ti wá, ẹnikẹ́ni ò sì fa idà yọ."

Ọba wo ẹsẹ̀ Kádẹ́ẹ̀lì tó kún fún ẹrẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àga fún bàbá. Bàbá jókòó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, wọ́n rán ọ níṣẹ́ ẹrú, o fi tọmọ jẹ́ ẹ."