Ìdí Tí Bíárín Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Fi Ń Kùn

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ń wa ọkọ̀, tí ènìyàn sì ń rìn létí ọ̀nà, kò sí ohun kan lára ọkọ̀ tó ń pariwo. Bíréèkì kì í han. Táyà kì í dún. Gbogbo wọn dákẹ́ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Òfin ló fà á. Erinmi ni ọba ìlú àwọn ẹranko nígbà náà, ó sì ní ọkọ̀ gọ́ọ̀fù kan. Ọkọ̀ kékeré ni, kò ní ilẹ̀kùn, ó kàn ní òrùlé bí agboòrùn. Àràárọ̀ ni ọba ń gbé e lọ sí pápá láti gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Òun nìkan ló ń gbá a ní gbogbo ìlú. Síbẹ̀, ipò kejì ló máa ń gbà.

Tó bá ń bọ̀ wálé, oorun á gbé e lọ. Ó bá pàṣẹ pé, "Ohunkóhun tó bá pariwo nínú ọkọ̀ yìí nígbà tí mo bá ń sùn, mo máa jù ú sódò."

Inú ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà ni àwọn bíárín ń gbé. Òrùka irin ni wọ́n, àwọn ọmọ irin róbótó-róbótó sì tò yí inú wọn ká. Àwọn ló ń ru ọkọ̀, tí táyà fi ń rí ààyè yí. Méjì ni wọ́n nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbejì sì ni wọ́n: ọ̀kan kọjú síta, èkejì kọjú sínú. Gíríìsì ni oúnjẹ wọn.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ọba tí wọ́n ń rù gan-an kò mọ orúkọ wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ìyẹn dáa?

Iwájú ni Erinmi máa ń jókòó, pẹ̀lú gbogbo ara ńlá rẹ̀. Tó bá dé etí odò, á ní kí wọ́n gba inú omi kọjá, torí pé omi dùn mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀, omi ṣan gíríìsì kúrò lára àwọn bíárín. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Àwọn ọmọ irin jẹ, wọ́n di jágajàga. Ó dun àwọn bíárín wọra. Ṣùgbọ́n wọ́n rántí odò, wọ́n gbé igbe wọn mì.

Bí ẹsẹ̀ iwájú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mì nìyẹn. Ẹdun, ọ̀bọ onírù gígùn tó ń wa ọkọ̀ ọba, á yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á forí lé òsì. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì da ọba sínú oko ata.

Erinmi jí, ata kún imú rẹ̀.

"Ẹdun! Ṣé o fẹ́ fi mí se ọbẹ̀ ni?"

"Kábíyèsí, kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ọkọ̀ ló ń..."

"Ṣé ọkọ̀ pariwo?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Kò pariwo."

"Ohun tí kò pariwo kò lẹ́jọ́! Ìwọ lo jẹ̀bi. Tí oòrùn bá wọ̀ lónìí tí ọkọ̀ yìí ò tíì rìn tààrà, ìwọ àtìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ rẹ máa kúrò nílùú. Mo máa fi igi tí ẹ̀ ń gbé fún ẹlòmíràn."

Àṣà ìlú kò gbà kí ọba fẹsẹ̀ rìn. Nítorí náà, inú ata ni Erinmi jókòó sí títí àwọn ìjòyè fi sáré dé.

Wọ́n kọ́kọ́ mú táyà. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú títí ó fi bẹ̀bẹ̀ pé òun ti yó. Wọ́n mú ṣitíárì tí Ẹdun fi ń darí ọkọ̀, wọ́n nà án lẹ́gba. Ṣitíárì tọrọ àforíjì fún ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọkọ̀ ṣì ń mì.

Pẹ́pẹ́yẹ, olóyè àgbà, pòṣé. "Ṣebí mo ti sọ. Awakọ̀ yìí ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn tààrà. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn án."

Ó bá ń rìn lọ. Ìdí rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ìdí rẹ̀ lọ sósì. Gbogbo wọn tẹjú mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rín má baà pa wọ́n níwájú ọba.

Ìgbà náà ni ìyàwó Ẹdun dé, ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan láyà rẹ̀. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Ẹ ti bi gbogbo ẹni tó wà níta léèrè ọ̀rọ̀. Ta ló bi ẹni tó wà nínú?"

"Nínú kí ni?" ni ọba bèèrè.

Ìyá Ìbejì ní kí Ẹfọ̀n, ọ̀kan lára àwọn ìjòyè, ki ìwo bọ abẹ́ ọkọ̀, kó gbé iwájú rẹ̀ sókè. Ẹfọ̀n gbé e. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ kan di táyà mú lókè, ó fi èkejì dì í mú nísàlẹ̀, ó mì ín, bí ìyá tó ń yẹ eyín ọmọ wò bóyá ó ti fẹ́ yọ. Táyà náà ń lọ, ó ń bọ̀.

"Kò sóhun tó ṣe táyà," ó ní. "Ohun tó dì í mú ló ti jẹ."

Ẹdun ṣí ìdérí irin, ó tú nọ́ọ̀tì, ó fa táyà yọ. Bíárín ìta já bọ́ sílẹ̀. Ó ti gbẹ, ó ti dípẹtà.

"Ta nìyí?" ni ọba bèèrè.

Bíárín dákẹ́.

"Mo ní ta nìyí? Sọ̀rọ̀!"

"Kábíyèsí, ẹ ò ní jù mí sódò?" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èmi ni mo ń rù yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kú lọ."

"Kí ló dé tí o ò tiẹ̀ wúkọ́?"

"Ikọ́ náà, ariwo ni, Kábíyèsí."

Ọba sín. Ó ránṣẹ́ pe Akókó, ẹyẹ alágbẹ̀dẹ tó ń fi ẹnu ṣe òòlù. Akókó gbé agbọ̀n bíárín tuntun dé.

"Pààrọ̀ èyí tó sọ̀rọ̀," ni ọba wí. "Èyí tí kò sọ̀rọ̀, fi í sílẹ̀."

Ohùn tínrín kan jáde láti inú ẹsẹ̀ ọkọ̀. "Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ò tíì kú," ni Pẹ́pẹ́yẹ dá a lóhùn. "Dúró kó o kú ná."

"Ìbejì ni wọ́n, ẹ jọ̀ọ́!" ni Ìyá Ìbejì ké. "Tí mo bá ra bàtà fún ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, tí mo ní kí èyí tó wà láyà mi máa wò ó, ṣé ìyá ni mo ṣì jẹ́? Omi kan náà ló ṣan àwọn méjèèjì. Ẹrù kan náà ni wọ́n rù."

Ọba kò gbọ́. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo. Erinmi gun ọkọ̀, ọkọ̀ rìn díẹ̀, ó gbọ̀n rìrì, ó sì tún da ọba sínú ata. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ló fi lélẹ̀.

"Yéè! Ẹ gbé mi lọ sódò! Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn! Ti ẹsẹ̀ kejì náà! Ẹ pààrọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ náà!"

Akókó gbá gbogbo irin àtijọ́ jáde. Ẹdun nu inú ẹsẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìyá Ìbejì bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn bíárín tuntun kò kúrò nínú agbọ̀n.

"A ò wọlé," ni wọ́n wí. "A ti rí ohun tójú àwọn ẹ̀gbọ́n wa rí."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ata ń ta mí lójú!"

"Ó ń ta yín, ẹ sì ń pariwo, Kábíyèsí. Àwa náà fẹ́ lè pariwo. Ẹ fagi lé òfin yẹn."

"Akókó, gbá wọn wọlé tipátipá!" ni Pẹ́pẹ́yẹ ké.

Akókó wo Ẹdun. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Ẹdun wo ọ̀nà ibi tí igi rẹ̀ wà, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

"Má gbá wọn," ó ní. "Wọ́n ti fipá pa àwọn àkọ́kọ́ lẹ́nu mọ́. Mi ò ní torí ilé mi pa àwọn wọ̀nyí náà lẹ́nu mọ́."

Ata ń ta ọba lójú.

"Ó dáa, ó dáa!" ni Erinmi bú sígbe. "Ẹ máa pariwo!"

"Nígbà tí ẹ bá ń sùn ńkọ́?"

"Nígbà tí mo bá ń sùn pàápàá! Ẹ ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí n fọjú!"

Àwọn bíárín bẹ́ sọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Ó tẹ gíríìsì sí wọn nínú títí ó fi yọ lódì kejì. Wọ́n wọlé ní méjì-méjì. Ẹdun fún nọ́ọ̀tì mọ́, ó wá tú u padà díẹ̀, kí wọ́n lè mí. Ọkọ̀ rìn tààrà dé odò, orí ọba sì wọ omi kí oòrùn tó wọ̀. Ẹdun àtìyàwó rẹ̀ gbé àwọn ọmọ wọn gun igi wọn lọ.

Láti ọjọ́ náà ni bíárín tó bá ti ń jẹ ti máa ń kùn: hùùn, hùùn, lẹ́yìn náà gùrùrù, gùrùrù, bíi pé òkúta wà nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pààrọ̀ wọn pa pọ̀, tinú tòde. Ìdí sì nìyẹn tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, tó bá ti gbé ọkọ̀ sókè, fi máa ń di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, á mì ín, á yí i, á sì dẹ etí sí i. Kò tíì ní bi awakọ̀ léèrè ohunkóhun. Ẹni tó ń ru ẹrù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.