Òkété Ń Wá Ihò Rà

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé kí n pàlọ́?"
"Ẹ pa á, à ń gbọ́!"

Òkété aboyún ń gbé ilé onílé, ó wá fẹ́ ra ihò tirẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ alágbàtà fi ihò arẹwà kan hàn án létí odò.

"Tètè san án, àwọn mìíràn ń bọ̀!"

Òkété kọrin sí Ọ̀pọ̀lọ́, ará àdúgbò:
"Ará ibí, ṣé ihò yìí dára?"
Ẹ gbè é: "Jọ̀ọ́, sọ fún mi!"

Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Tójò bá dé, odò á wọ ibẹ̀."

Ní ihò kejì tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi hàn án, ó kọrin sí Ìgbín, ará ibẹ̀. Ìgbín ní, "Ejò ló ni ín, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń tà á."

Ó rẹ Òkété, síbẹ̀ ó kọrin níwájú ihò kẹta, lórí òkè. Ọ̀yà tó ń gbé nítòsí ní, "Ó gbẹ, èmi ni mo sì ni ín. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló wó."

Òkété rà á, ó tún un ṣe. Nígbà tí àgbàrá òjò dé, àwọn ọmọ rẹ̀ ń hanrun níbi gbígbẹ.

Ẹ̀yin náà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ralé, ẹ kọ́kọ́ bi ará àdúgbò.