Olóólà Tó Dá Lọ Wo Òdòdó

Ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Ta ni kò gbọ́ òwe yìí rí? Ọmọdé ń pa á, àgbà ń pa á, àwọn tí ẹ̀gún kò gún rí láyé wọn náà ń pa á. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n sọ ẹni tó kọ́kọ́ sáré nínú ẹ̀gún ọ̀hún fún wa, àti irú ejò tó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò máa wo òkè àjà. Ẹ fara balẹ̀. Olóólà ni ẹni náà, ọgbà òdòdó ló sì lọ.

Ní ayé ìgbà tí ilà ojú ṣì jẹ́ ẹwà àti àmì ìdílé, ìlú kan wà tí olorì kan ti gbin igi òrúrù yí ààfin ká, nítorí pé obìnrin náà fẹ́ràn òdòdó. Nígbà tó yá, olorì kú, ààfin wó, ìlú sì ṣí lọ sí òdìkejì odò. Àwọn igi kò bá wọn ṣí. Lọ́dọọdún, bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ tutù díẹ̀, òrúrù a tanná, gbogbo ahoro náà a sì pọ́n ròrò. Ọgbà Olorì ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìlú a dá ọjọ́ kan tí gbogbo wọn yóò jọ lọ wò ó. Wọn a gbé oúnjẹ dání, àwọn ọmọdé a máa fún omi inú òdòdó tí kò tíì là sí ara wọn lójú, àwọn àgbà a sì jókòó sábẹ́ igi, wọn a máa sọ̀rọ̀ olorì tó ti kú. Àjọlọ ni. Ẹnìkan kì í dá lọ. Ẹni tó bá dá lọ wo òdòdó, ohun tí ará ìlú yóò sọ ni pé nǹkan mìíràn ló lọ wò.

Ìdí nìyí tí ọkàn Àyọ̀ká kò fi balẹ̀ lọ́dún tí à ń sọ yìí. Ògúndoyin, ọkọ rẹ̀, ni olóólà ìlú. Ojú tí kò bá ti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ojú àlejò ni. Bí ó bá kọ pélé sí ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a dúró gbọọrọ bí òwú orí òfì, kò ní sí èyí tó ga ju èkejì lọ. Ọkùnrin náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti bí ìgbà mélòó kan, ó ti di pé bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò da aṣọ bora, yóò jáde láìjẹun, kò sì ní wọlé títí oòrùn yóò fi yẹ àtàrí. Lónìí tún nìyí, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni Ọmọ́wùnmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Àyọ̀ká bí, ń gbé àkọ́bí rẹ̀ bọ̀ láti ilé ọkọ kí bàbá-ìyá ọmọ lè kọ ọ́ ní pélé.

"Níbo lẹ ń lọ, Baba Ọmọ́wùnmí?"

"Mò ń lọ wo òdòdó ní Ọgbà Olorì. Ojú ọ̀sán ni n ó dé."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Ṣé òdòdó ń bu ènìyàn jẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Bí ó ti yí ẹ̀yìn padà ni Àyọ̀ká rí i tó ki àpò abẹ rẹ̀ sínú aṣọ. Ta ni ń mú abẹ lọ wo òdòdó?

Ìyá Látúndé, ìyáálé nínú agboolé wọn, ń rànwú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sílẹ̀ kí ó bàjẹ́.

"Ìyàwó wa, ṣé o rí i pé ọkọ rẹ kò kí ènìyàn mọ́? Lánàá, mo dúró gbagada lójú ọ̀nà, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò rí mi. Mo sọ fún ọ, ọkùnrin tó bá ti rí ẹlòmíràn níta, kì í rí ará ilé mọ́."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Bóyá ó ń ronú ni."

"Kí ó máa ronú lọ. Ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú o."

Àyọ̀ká ti ń ronú tipẹ́. Ó ti gbóòórùn aṣọ ọkọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, bóyá yóò gbọ́ òórùn osùn obìnrin kan níbẹ̀, òdòdó nìkan ló ń rùn. Èyí gan-an ló wá bà á lẹ́rù jù, nítorí obìnrin ṣe é bá jà. Ó gbé agbọ̀n ìṣẹ́gi lórí kí ẹnikẹ́ni má baà bi í léèrè, ó sì tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó jìnnà sí i díẹ̀.

Ohun tó ń rí lójú ọ̀nà kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Ògúndoyin rọra ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́ ẹsẹ̀ òun. Ní oríta, ó dúró, ó fi ọwọ́ kan igi kan, ó tún fi ọwọ́ kan èkejì kí ó tó yà. Àyọ̀ká ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àmì nìyẹn, ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn tí yóò wò ó. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, bàbá náà kò fo òkúta sí òkúta bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Àyọ̀ká tún rò ó sí nǹkan mìíràn: bóyá ọkùnrin yìí ń pa ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́ ni.

Wọ́n dé ọgbà. Ọlọ́run ló mọ bí ibẹ̀ ti dára tó lọ́jọ́ náà. Òjò ti fọ ewé, oòrùn àárọ̀ sì ń ta sí òdòdó pupa lórí igi àti èyí tó ti re sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé òkè pọ́n, ilẹ̀ pọ́n. Àyọ̀ká fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó gbé e wá. Ó sá sẹ́yìn ògiri ààfin tó kù, ó ń wo ọ̀tún wo òsì kí ó lè rí obìnrin tí yóò yọ. Obìnrin kankan kò yọ. Ògúndoyin jókòó lórí gbòǹgbò, ó ṣa òdòdó jọ, ó fi abẹ la ọ̀kan, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ó gbé ojú sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó fà á ní abẹ, ó sọ ọ́ nù. Ó mú òmíràn. Ó ń kùn nínú, a kò mọ ohun tó ń wí. Nígbà tó sọ bí ogún nù, ó dìde, ó lọ jókòó sábẹ́ igi mìíràn.

Àyọ̀ká yọ́ jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú èyí tó sọ nù. Ojú abẹ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ó mú òmíràn, mẹ́ta. Gbogbo wọn, mẹ́ta mẹ́ta. Pélé ni! Pélé tí wọn yóò kọ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́la!

Ẹni tó bá kọ ilà ọmọ sára òdòdó tí yóò rọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ni ó fẹ́ kí ó ṣe ọmọ náà? Ta ló gbà á níyànjú? Ta ni ó fẹ́ fi ọmọ náà rọ́pò? Gbogbo ohun tí Àyọ̀ká ti rí láàárọ̀ ọjọ́ náà tò jọ lójú rẹ̀: abẹ, igi tó ń fọwọ́ kàn, omi tó wọ̀, ọ̀rọ̀ tó ń kùn. Ó sáré jáde, ó figbe ta.

"Orí ọmọ mi kò gbà! Kò gbà o!"

Jìnnìjìnnì bo Ògúndoyin. Ó fò dìde, ó sì ki eré mọ́lẹ̀, arúgbó tí irun rẹ̀ ti funfun. Ojú ọ̀nà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fẹ̀, ó mọ́. Kò gbà á. Igbó ẹ̀gún ló wà níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ló sì forí lé. Kò yẹra, kò bẹ̀rẹ̀, kò tilẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Ẹ̀gún fà á láṣọ ya, ó fà á lẹ́sẹ̀, ó ṣubú sáàárín rẹ̀ gbì.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ògúndoyin wo ẹ̀yìn. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò kòrókòró, kò sí igi, kò sí ògiri láàárín àwọn méjèèjì.

"Ta nìyẹn?" ni ó bi í.

Inú bí Àyọ̀ká. Ó rò pé ó fẹ́ fi òun ṣe ẹ̀sín ni.

"Ẹ ń bi mí pé ta nìyẹn? Àgbà bíi tiyín! Ejò wo lẹ ń lé tí ẹ fi ń sáré nínú ẹ̀gún?"

Nígbà tí bàbá náà gbọ́ ohùn rẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó jókòó sínú ẹ̀gún náà bí ẹni pé orí ẹní ni.

"Àyọ̀ká," ni ó wí, "èmi kọ́ ni mò ń lé ejò. Ejò ló ń lé mi."

"Ejò wo?" ni Àyọ̀ká bi í.

"Láti ìgbà ìkórè èṣí ni kùrukùru ti ń bò mí lójú. Mo kọ́kọ́ ní èéfín ni. Mo bu omi sí i, mo fi ewé sí i, ó ń pọ̀ sí i ni. N kò dá ènìyàn mọ̀ mọ́ àfi bí ó bá sọ̀rọ̀. Òdòdó yìí nìkan, nítorí pé ó pọ́n, ni ó ṣì ń hàn sí mi díẹ̀. Mo ní bí ọwọ́ mi bá lè kọ pélé tó tọ́ sára rẹ̀, yóò lè kọ ọ́ sójú ọmọ Ọmọ́wùnmí."

Àyọ̀ká tún wo òdòdó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú abẹ mẹ́ta ló kà tẹ́lẹ̀, kò wò ó bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rí. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan wọ́, ẹ̀kẹta gba orí èkejì kọjá. Ìtìjú mú un. Ó wọ inú ẹ̀gún lọ bá ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gún lára rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àánú ọkọ rẹ̀ ń ṣe é, inú sì ń bí i pẹ̀lú, kò mọ èwo ló pọ̀ jù.

"Bí n kò bá tẹ̀lé yín ńkọ́? Lọ́la, kí ni ẹ máa ṣe?"

Ògúndoyin tọwọ́ wá abẹ rẹ̀ tó bọ́ sínú ẹ̀gún.

"N ó kọ ọ́."

"Pẹ̀lú ojú yìí?"

"Kí ni kí n sọ fún ìlú? Pé kí ni mo jẹ́ mọ́, bí n kò bá kọlà?"

Lẹ́yìn náà, ó tọwọ́ wá òdòdó nílẹ̀, ó la ọ̀kan tó tóbi, ó tẹ́ ẹ sórí itan tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gún ń jò lára rẹ̀. Ó sé èémí. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó rọra fà á, bí ó ti ń ṣe nígbà tí ọba ń gbé ọmọ wá bá a. Ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

"Bá mi wò ó. Má purọ́ fún mi."

Síbẹ̀, irọ́ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ń retí. Ì bá tù ú nínú, ì bá sì ba ojú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ títí ayé. Àyọ̀ká wò ó, ó tún un wò.

"Ó wọ́, Baba Ọmọ́wùnmí."

Ògúndoyin nu abẹ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tì í bọ inú àpò, ó sì gbé àpò náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Àyọ̀ká fà á lọ́wọ́ dìde, àwọn méjèèjì sì jọ gba ojú ọ̀nà tó mọ́ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ìta agboolé kún. Gbogbo ènìyàn rí i pé Ògúnrìndé, àbúrò Ògúndoyin tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ilà, ni ó mú abẹ lọ́wọ́, Ògúndoyin sì jókòó, ó gbé ọmọ lé itan. Wọ́n rí ojú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹ̀gún ti ha. Wọ́n ń fojú bára wọn sọ̀rọ̀. Ìyá Látúndé kò lè fara dà á.

"Ọkọ wa, kí ló gbé àgbàlagbà dé inú ẹ̀gún?"

Kí Ògúndoyin tó la ẹnu, Àyọ̀ká ti dáhùn láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyá, ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e."

Ìyá Látúndé fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún wo ojú bàbá náà tó ń wá ibi tí ohùn òun ti wá, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ọmọ ké, Ògúnrìndé fa abẹ, ó parí. Wọ́n gbé omi ìgbín wá. Ògúndoyin ti ìka bọ̀ ọ́, ó rọra fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mẹta ní òsì. Ìka rẹ̀ pẹ́ lórí ilà kọ̀ọ̀kan.

"Ó tọ́," ni ó wí. Ó gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀, ó sì fi etí aṣọ nu ojú ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti jáde, tó fi di ti gbogbo ayé. Àwa tòde òní fẹ́ràn láti pa ìdajì rẹ̀ nìkan, a ó dúró síbi "bí kò bá lé ejò", a ó máa ṣẹ́jú síra wa, nítorí ìfura dùn lẹ́nu. Àgbà kì í dúró níbẹ̀. Bí ẹni tí a mọ̀ sí ẹni iyì bá ṣàdédé ń ṣe ohun tí kò jọ ọ́, bí ó bá ń sá fún èrò, tó pa iṣẹ́ tì, tó ń dá rìn níbi tí ẹnìkan kì í dá rìn, ìgbà náà ni àwọn àgbà ń pa á, kí a lè mọ̀ pé ìdí wà níbẹ̀, kí a sì lọ béèrè ìdí náà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀gún ń gún.